Àfẹ̀yìntì àti Àbọ̀: Àyẹ̀wò Ìdè tí ó wà láàrin Ọmọ àti Olùtọ́jú láti Ìgbà Èwe títí di Ọjọ́ Alẹ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Anoumabo, ní agbègbè Marcory ní ìlú Abidjan, jẹ́ ibi tí òwe yìí ti rí ẹlẹ́rìí. Abúlé àwọn Ébrié ni kí ìlú ńlá tó gbòòrò yí i ká. Lónìí, àwọn ará Côte d'Ivoire àti àwọn tí ó wá láti ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ń gbé níbẹ̀. Àdúgbò yìí ni a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin Magic System. Orin wọn tí ó ń jẹ́ Premier Gaou, tí ó jáde ní ọdún 1999, ni ó gbé wọn dé ilẹ̀ Faransé àti ibi púpọ̀ ní àgbáyé. Nígbà tí òkìkí kàn tán, wọ́n padà sí àdúgbò, wọ́n sì dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ ní ọdún 2008, tí wọ́n fi orúkọ Anoumabo sínú orúkọ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè ti inú orin ka ìgbà èwe olórin, iṣẹ́ yìí kò sì ní dábàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé dìde gbòòrò ju ọ̀rọ̀ orin lọ. Kí ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀dá lè kúrò nílé láìfòyà, kí ó lọ jìnnà, kí ó sì mọ ibi tí òun lè padà sí? Ìbéèrè yìí ni ó wà ní ìdí tíọ́rì tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ń pè ní attachment lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí tíọ́rì náà sọ ni pé ọmọ tí ó bá ní olùtọ́jú tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lé lórí ni ó máa ń ní ìgboyà láti rìn lọ wo ayé; ìbàlẹ̀ ọkàn yìí a sì máa nípa lórí bí yóò ṣe bá ọ̀rẹ́, olólùfẹ́ àti ọmọ tirẹ̀ gbé títí dé ọjọ́ alẹ́.

Àwọn kan ti fi òwe Yorùbá dá tíọ́rì yìí lóhùn pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìyá kan ṣoṣo tí tíọ́rì náà ń sọ kò kan Áfíríkà. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìhà méjèèjì ti ń ka iye ọwọ́ tí ó gbé ọmọ, nígbà tí ohun tí ó yẹ kí wọ́n wò jẹ́ bóyá àbọ̀ ẹni tí ó gbé e dá ọmọ náà lójú. Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú èdè Yorùbá tí ó lè là wá lọ́yẹ̀ lórí èyí: àfẹ̀yìntì àti àbọ̀.

Ibi tí tíọ́rì náà ti ṣẹ̀

John Bowlby (1907–1990), dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a mọ̀ sí bàbá tíọ́rì yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe ìwádìí fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí àwọn ọmọ tí kò ní ilé, ó sì gbé àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1951. Ìwé ńlá mẹ́ta ni ó tẹ̀lé e, ní ọdún 1969, 1973 àti 1980. Kí ó tó dé, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé oúnjẹ ni ó ń so ọmọ mọ́ ìyá: ẹni tí ó fún un ní ọmú ni yóò fẹ́ràn. Bowlby kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹkún, ìdìrọ̀mọ́ àti títọ ẹni lẹ́yìn jẹ́ ọgbọ́n tí a dá mọ́ ọmọ ènìyàn kí aláàbò rẹ̀ má baà jìnnà sí i. Ìwádìí tí Harry Harlow ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ọ̀bọ, tí ó gbé jáde ní ọdún 1958, kín in lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ọ̀bọ náà a mu wàrà lára ère tí a fi wáyà ṣe, ṣùgbọ́n ère tí a fi aṣọ wé ni wọ́n ń sá tọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n.

Ohun kan wà nínú ìtàn Bowlby fúnra rẹ̀ tí àwọn olùkàwé rẹ̀ kì í sábà fi ṣe ẹ̀rí. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ọwọ́ olùtọ́jú ni ó dàgbà sí. Ìgbà díẹ̀ lójúmọ́ ni ó ń rí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin ni olùtọ́jú tí ó fẹ́ràn jù lọ fi ilé wọn sílẹ̀, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ó dun òun bí ẹni pé ìyá òun ni òun pàdánù. Ẹni tí a ń sọ pé ó fi ọ̀rọ̀ ìyá kan ṣoṣo dí ayé létí, ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni àdánù rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun kejì tí a máa ń gbàgbé ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú wo ọ̀rọ̀ náà nínú ilé àwọn ènìyàn. Láàrin ọdún 1954 àti 1955, Mary Ainsworth (1913–1999) lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé tí kò jìnnà sí Kampala ní Uganda, ó ń wo ìdílé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti àwọn ọmọ ọwọ́ wọn. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1967. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàkíyèsí pé ọmọ a máa fi ìyá ṣe ibùdó: yóò rákò lọ wo nǹkan, yóò bojú wẹ̀yìn, yóò padà wá fọwọ́ kan ìyá, yóò sì tún lọ. Bí a bá wá sọ pé tíọ́rì náà kò kan Áfíríkà rárá, a ti fi ọwọ́ ara wa gba ilẹ̀ tí ó ti hù kúrò lọ́wọ́ ara wa.

Ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni Ainsworth ti wá ṣètò ìdánwò tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìyá àti ọmọ tí ó tó nǹkan bí ọdún kan yóò wọ yàrá tí wọn kò wọ̀ rí, tí nǹkan ìṣeré wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọmọ kò mọ̀ yóò wọlé. Ìyá yóò jáde, yóò padà. Yóò tún jáde, yóò tún padà. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹkún ọmọ nígbà tí ìyá jáde ni àwọn onímọ̀ ń wò, ṣùgbọ́n àbọ̀ ìyá gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Ọmọ kan yóò sá tọ ìyá, yóò gba ìtùnú, yóò sì padà sídìí ìṣeré. Òmíràn yóò ṣe bí ẹni pé kò rí i. Òmíràn yóò di ìyá mú, yóò sì tún máa bínú tì í. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n pè ní ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àjèjì ni tàbí àlejò?

Ibi tí ìdánwò yìí ti kọsẹ̀ nígbà tí ó kúrò ní Baltimore ni a lè rí bí a bá gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ta ni ẹni tí ó wọ yàrá náà? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, stranger, ni Yorùbá pín sí méjì. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀, tí a ń ṣọ́ra fún. Àlejò ni ẹni tí ó wọlé wá, tí a bu omi fún, tí a sì fún ní ìjókòó. Bí ọmọ bá rí àjèjì, ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Bí ó bá rí àlejò, a ti kọ́ ọ pé kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀. Ìdánwò tí ó gbára lé ìfòyà ọmọ kò lè wọn ohun kan náà nínú ilé tí àjèjì pọ̀ sí àti nínú ilé tí ó jẹ́ pé àlejò ni gbogbo ẹni tí ó bá wọlé.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lórí èyí wá láti Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀. Alma Gottlieb, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbésí ayé àwọn ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àwọn Beng ní ọdún 1979, ó sì gbé ìwé The Afterlife Is Where We Come From jáde ní ọdún 2004 lórí àwọn ọmọ ọwọ́ wọn. Àwọn Beng gbà pé ọmọ tuntun ti ibi kan wá, ibi tí àwọn òkú ń gbé, tí wọ́n ń pè ní wrugbe. Wọ́n ní ọkàn ọmọ ṣì ń fà síbẹ̀, àyàfi bí ayé bá gbà á dáadáa. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbé ọmọ lé ènìyàn púpọ̀ lọ́wọ́. Ìyá tí ó ní oko láti ro yóò wá ẹni tí yóò máa bá a gbé ọmọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin kékeré. Yóò wẹ ọmọ, yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó lè wu àwọn ènìyàn láti gbé. Ìbẹ̀rù àlejò tí àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè sọ pé ó dájú fún gbogbo ọmọ kò wọ́pọ̀ láàrin wọn.

Ẹ̀rí mìíràn wà láti ilẹ̀ Mali tí ó bá wọn pààlà. Ìwádìí tí Mary True àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàrin àwọn Dogon, tí ó jáde ní ọdún 2001, lo ìdánwò Ainsworth bí ó ti wà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ náà ni ọkàn wọn balẹ̀, kò sì sí ẹyọ ọmọ kan tí ó ṣe bí ẹni pé kò rí ìyá rẹ̀. Èyí dá ìhà méjèèjì lẹ́jọ́. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìpín tí wọ́n gé ní Baltimore kò bá gbogbo ayé mu. Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ìbàlẹ̀ ọkàn ọmọ lórí olùtọ́jú kì í ṣe àṣà àwọn aláwọ̀ funfun nìkan.

Ohun tí èdè Yorùbá ti sọ

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní tíọ́rì yìí ní Yorùbá yóò kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ fún attachment. Àwọn tí ó wà nítòsí kò tó. Ìsopọ̀ àti ìdè jẹ́ ọ̀rọ̀ okùn. Ẹni tí a dè kò lè rìn, bẹ́ẹ̀ sì ni tíọ́rì náà ń sọ nípa ohun tí ó ń jẹ́ kí ọmọ lè rìn. Ìfẹ́ gbòòrò jù. Ìfọkàntán súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n a lè fọkàn tán ẹni tí a kò fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́, nínú àdúrà àti nínú oríkì Elédùmarè: àfẹ̀yìntì.

Ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀. Fi, ẹ̀yìn àti tì ni ó para pọ̀ di fẹ̀yìn tì. Bí a bá fi ì- sí iwájú rẹ̀, ìfẹ̀yìntì ni a ó rí, èyí tí ó dárúkọ ìṣe náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti gbà fún ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá fi à- síwájú rẹ̀, ẹni tàbí ohun tí a fẹ̀yìn tì ni ọ̀rọ̀ náà ń dárúkọ. Ẹni tí ó fẹ̀yìn ti nǹkan kì í wo nǹkan náà. Iwájú ni ó ń wò. Ohun tí Ainsworth rí ní Uganda gan-an nìyí: ọmọ tí ó mọ̀ pé ìyá wà lẹ́yìn ni ó lè kọjú sí ayé. Ẹ̀yìn kan náà ni a fi ń pọn ọmọ. Ẹ̀yìn ìyá ni àfẹ̀yìntì àkọ́kọ́, ọ̀já sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Tì yìí kan náà wà nínú orúkọ Dúrótìmí, tí a lè gé kúrú sí Rótìmí. Orúkọ àbíkú ni, bíi Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí àti Kòkúmọ́. Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti sọ ohun tí tíọ́rì náà kò fi bẹ́ẹ̀ rò. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń béèrè bóyá òbí dá ọmọ lójú. Láyé ìgbà tí ikú ọmọdé wọ́pọ̀, òbí ni ó ń bẹ ọmọ pé kí ó dúró ti òun. Ìdè náà ní ẹnu méjì, ìbẹ̀rù sì lè ti ẹnu èyíkéyìí wọlé. Àwọn Beng tí ó ń ṣe ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó má baà padà sí wrugbe mọ ìbẹ̀rù kan náà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àbọ̀. Yorùbá ya wá sọ́tọ̀ kúrò lára bọ̀: ẹnikẹ́ni lè wá, ṣùgbọ́n bọ̀ sábà máa ń ní ìtumọ̀ pípadà nínú. Ẹni tí ó dé ni a ń kí pé kú àbọ̀, tí ó di káàbọ̀. Ìyá tí ó ń jáde lọ sí ọjà a máa sọ fún ọmọ pé òun ń bọ̀, kì í ṣe pé òun ń lọ. Ẹni tí ó ń dágbére sì ń wí pé ó dàbọ̀, èyí tí í ṣe ó di àbọ̀. Àwọn tí ó dá èdè yìí sílẹ̀ kò fẹ́ kí lílọ ẹnikẹ́ni wà láìní àbọ̀ nínú. Ohun tí ìdánwò ogún ìṣẹ́jú ń wá ni pé ṣé ọmọ yìí gba ó dàbọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́.

Birahima: ọmọ tí gbogbo àfẹ̀yìntì rẹ̀ yẹ̀

Nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire, èyí tí ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ yìí lè já sí hàn jù lọ ni Allah n'est pas obligé tí Ahmadou Kourouma (1927–2003) kọ, tí ó jáde ní ọdún 2000, tí ó sì gba ẹ̀bùn Renaudot lọ́dún náà. Àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń kà á gẹ́gẹ́ bí ìwé nípa ogun ilẹ̀ Liberia àti Sierra Leone àti àwọn ọmọdé tí a fi ìbọn lé lọ́wọ́. Ogun náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá bi ìwé náà pé ta ni ọmọ yìí lè fẹ̀yìn tì, ni a ó rí i pé ìparun ti bẹ̀rẹ̀ kí ìbọn tó dún.

Ìyá Birahima ní egbò ẹsẹ̀ tí kò jiná, ìdí ni ó fi ń wọ́ rìn. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀, títí di ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ó kọ̀ láti jẹun lọ́dọ̀ ìyá. Nígbà tí ó fi máa mọ̀ pé irọ́ ni, ìyá ti kú, ẹ̀dùn ọkàn náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí olùkàwé kíyè sí i pé ìyá yìí kò lọ síbì kankan, kò sì ṣíwọ́ ìfẹ́. Ẹnu àwọn ará ilé ni ó ba àfẹ̀yìntì ọmọ jẹ́. Igba ènìyàn ni ó wo ọmọ yìí lóòótọ́, igba ènìyàn náà sì ni ó yà á kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Àṣà ní ojútùú: Mahan, àǹtí rẹ̀ tí ó wà ní Liberia, ni yóò di ìyá rẹ̀ kejì. Yacouba ni yóò mú un lọ. Gbogbo ìrìn àjò inú ìwé náà, láti ibùdó ogun kan dé òmíràn, jẹ́ wíwá obìnrin kan tí ọmọ lè bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó sọ ìtàn àwọn ọmọ ogun bíi tirẹ̀ tí wọ́n kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Sarah, tí ìyá rẹ̀ kú, tí a sì fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí ó ń lù ú. Nígbà tí Birahima fi máa rí ọ̀nà àǹtí rẹ̀, àǹtí ti di olóògbé.

Ohun tí ó kù fún un ni ìwé atúmọ̀-èdè mẹ́rin. Ó ń fi wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àwọn Faransé, fún àwọn ọmọ Áfíríkà, fún gbogbo ẹni tí ó lè gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ti rí ẹ̀fẹ̀ nínú èyí, ẹ̀fẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ̀ pé a gbọ́ òun kì í ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀. Níbi tí ènìyàn ti yẹ̀, ìwé atúmọ̀-èdè ni Birahima fẹ̀yìn tì. Ìparí ìwé náà sì ṣe pàtàkì: nínú ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Abidjan, ìbátan rẹ̀ tí í ṣe dókítà ní kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Ibẹ̀ ni ìtàn tí a ti kà tán ti wá bẹ̀rẹ̀.

Ìparí yìí bá ohun kan mu tí Mary Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1985. Wọ́n ní kí àwọn òbí sọ ìtàn ìgbà èwe wọn. Wọ́n rí i pé bí òbí ṣe sọ ìtàn náà, bóyá ó já geere tàbí ó ta kókó, bá ìbàlẹ̀ ọkàn ọmọ rẹ̀ mu ju bí ìgbà èwe náà ti dùn tàbí korò lọ. Ẹni tí ó jìyà lè di àfẹ̀yìntì fún ọmọ tirẹ̀ bí ó bá ti rí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ìwádìí tí L. Alan Sroufe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Minnesota ní àárín ọdún 1970 sí 1979, tí wọ́n sì tẹ̀lé àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi dàgbà, jẹ́rìí sí i pé ìpìlẹ̀ ìgbà èwe ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n àjọṣe tí ó bá tẹ̀lé e lè tún un ṣe, ó sì lè bà á jẹ́.

Àgbàlagbà náà ń fẹ́ ibi tí yóò fẹ̀yìn tì

Ní ọdún 1987, Cindy Hazan àti Phillip Shaver sọ pé ìfẹ́ láàrin ọkùnrin àti obìnrin ń tọ ipa ọ̀nà kan náà. Premier Gaou lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ìtàn inú orin náà ni pé obìnrin kan fi olórin sílẹ̀ nígbà tí kò ní nǹkan. Nígbà tí ó gbọ́ pé ó ti lókìkí, ó padà. Ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn fi ń jó o. Ọ̀rọ̀ àbọ̀ sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin náà bọ̀, ṣùgbọ́n àbọ̀ rẹ̀ kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú, nítorí owó ni ó bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin náà kọ́ ni láti máa ṣọ́ra. Orin náà ti sọ ohun tí òwe wa kò sọ tán: kì í ṣe gbogbo àbọ̀ ni ó ń sinmi oko.

Ní ọjọ́ alẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò yí ojú padà. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tí ó jẹ́ àfẹ̀yìntì ni yóò wá máa wá ẹni tí òun yóò fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san kò lè ṣe iṣẹ́ yìí tán, bí ọ̀rọ̀ méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá.

Igba ènìyàn àti ọmọ tí a rán lọ sílé

Ó kù kí a padà sí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àwọn Yorùbá tí ó wà ní Côte d'Ivoire, tí àwọn onílé ń pè ní Anago, pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rìnrìn àjò yìí, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ìgboro Èjìgbò. Wàhálà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àti èyí tí ó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, mú kí àwọn kan kó ọmọ padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ọmọ kan tí a bí ní Abidjan, tí a gbé lọ fún ìyá àgbà ní Èjìgbò nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjì, tí ìyá rẹ̀ sì wá mú un padà nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méje. Ìyá wọlé, ọmọ kò sáré pàdé rẹ̀; ẹ̀yìn ìyá àgbà ni ó sá sí. Olùkọ́ tí ó ka tíọ́rì náà láìwo àṣà yóò sọ pé ọmọ yìí kò ní ìdè. Alágbàwí àṣà yóò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é, nítorí igba ènìyàn ni ó tọ́ ọ. Àwọn méjèèjì kò tíì wo ọmọ náà. Ó ní àfẹ̀yìntì. Ìyá àgbà ni. Bí a bá mú un kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, láìdágbére, láìsí ẹni tí ó sọ ó dàbọ̀ fún un, ìgbà kejì nìyẹn tí a ó fa ẹ̀yìn kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àìgbọ́ràn tàbí ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀ ní kíláàsì Faransé ní Abidjan lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè rárá.

Òwe igba ènìyàn kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn nínú. Àgbo ilé tí ó bí i jẹ́ ibi tí igba ènìyàn náà kì í ṣí lọ. Ọmọ a máa ti apá kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀. Ní àgbàlá ìlú ńlá, ní Anoumabo bí ó ti wà ní Mushin, ayálégbé ni igba náà. Oṣù tí ó ń bọ̀, wọ́n lè ti kó lọ. Ẹni tí ó bá ka òwe náà láìka àdéhùn rẹ̀ yóò gbé ọmọ lé ọwọ́ púpọ̀ láìsí ẹ̀yìn kan tí ó dúró.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé tíọ́rì Bowlby àti Ainsworth dín ojú kù níbi tí ó ti fi yàrá kan, ìyá kan àti àjèjì kan wọn gbogbo ayé, àti pé àwọn tí ó ń fi òwe ta kò ó náà dín ojú kù níbi tí wọ́n ti fi iye ènìyàn rọ́pò ìdánilójú. Àwọn Beng pín ọmọ gbé, ọmọ sì dára. Birahima bọ́ lọ́wọ́ kan sí òmíràn, ó sì bàjẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn wà nínú àbọ̀.

A dábàá pé kí àwọn olùkọ́ èdè lo àfẹ̀yìntì fún ẹni tí ọmọ gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n sì sọ nípa ọmọ tí ó ní àfẹ̀yìntì níbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ nípa secure attachment. Kò sí ìdí láti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Olùkọ́ tí ọmọ tuntun bá wọ kíláàsì rẹ̀ láti ìlú mìíràn lè fi ìbéèrè kan kún àwọn tí ó wà nínú fọ́ọ̀mù: ta ni ó tọ́ ọ dàgbà, ṣé ẹni náà sì mọ ibi tí ó wà báyìí? Òbí tí yóò rán ọmọ lọ, tàbí tí yóò mú un bọ̀, ní gbólóhùn kan tí ó yẹ kí ó sọ fún un lójúkojú. Ó dàbọ̀ ni gbólóhùn náà, gbèsè sì ni lọ́rùn ẹni tí ó bá sọ ọ́ fún ọmọdé.